Apó Wà ní Èsìẹ́, Ta Ni Yóò Rọ Ọfà?

Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó wà ní Èsìẹ́, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ère òkúta ni ó jókòó síbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn gbé apó ọfà kọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ọmọ ilé-ìwé kan na ìka sí ọ̀kan, ó ní báàgì ni ère náà gbé. Olùkọ́ rẹ̀ kò tún un sọ.

N kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Níbo ni yóò ti rí ọfà? Láyé àwọn baba wa, ọfà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ irin rẹ̀, tí ó ń yọ ìkọ́ sí i kí ó má baà tètè bọ́ lára ẹran. Àwọn tí ó mọ egbò àti èso ni ó ń se oró tí a ń fi kùn ún, láti ara kóró ìtàkùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus. Ara irú ìtàkùn yìí kan náà ni àwọn òyìnbó ti rí oògùn àrùn ọkàn.

Ẹ wo àwọn ará San ní aṣálẹ̀ Kalahari. Láàrin àwọn kan nínú wọn, ẹni tí ó ni ọfà ni ó ni ẹran, ìbáà ṣe ẹlòmíràn ni ó ta á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yá ara wọn ní ọfà, tí àgbàlagbà tí kò lè sáré mọ́ fi ń ní ẹran tí yóò pín. Nígbà tí ìjọba Botswana lé wọn kúrò ní ilẹ̀ wọn, tí kò sì fún wọn ní ìwé àṣẹ ọdẹ, wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga dá wọn láre ní oṣù Kejìlá ọdún 2006.

Àwa ńkọ́? Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń dààmú wa ní Ìfẹ́lódùn àti agbègbè rẹ̀, tolórí tẹlẹ́mù ti rántí ọdẹ. Ẹnìkan yóò ní ọfà kò lè ko ìbọn AK-47 lójú. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Ṣùgbọ́n ọfà olóró kì í pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Ọdẹ ní láti sún mọ́ ẹran kí ó tó ta á, lẹ́yìn náà kí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí koríko títẹ̀ àti ewé ṣíṣẹ́ títí yóò fi ṣubú. Ìbọn kò kọ́ ènìyàn ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ojú tí ń ka ilẹ̀ yìí gan-an ni a ń wá báyìí, àwọn àgbà tí ó ní in sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ilé Èsìẹ́ gbé ẹwìrì àti owú kan sí àgbàlá ibẹ̀. Kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ kan àti àgbà ọdẹ kan láti Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa ṣe ọfà lójú àwọn ọmọ ní gbogbo Sátidé, kí a sì gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè Ìgbómìnà. Owó rẹ̀ kò tó ti ìpàdé kan ní Ìlọrin. Ọmọ tí ó pe apó ní báàgì yóò fẹ́ fọwọ́ kàn án.