Páàdì bíréèkì ṣe é pààrọ̀, ẹ̀mí ni kò láàrọ̀

Bí páàdì bíréèkì bá ti jẹ tán, ṣé kí ọlọ́kọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, àbí kó gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì kó sì sanwó? Láti Ìgólò dé Ìfọ̀nyìn, tí wọ́n ń kọ ní Ifangni nínú ìwé ìjọba, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́. Ọwọ́ kò dẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná. Èmi náà ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ kan, mẹkáníìkì kan dá owó iṣẹ́ lé mi, mo ní kò ní í gbà á lọ́wọ́ mi. Mo yá jáàkì, mo tú táyà iwájú méjèèjì, mo yọ páàdì àtijọ́, mo ki tuntun bọ ibẹ̀. Inú mi dùn. Mo wọ inú ọkọ̀, mo ṣáná sí i, mo fẹ́ gbé e kúrò lójú kan. Nígbà tí mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹrẹ̀. Ọkọ̀ kò dúró. Ògiri àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé ló dá a dúró. Àwọn ìyá tó máa ń jókòó ti agbada níbẹ̀ ti lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ká ní wọ́n wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ohun kékeré ni. Páàdì tuntun nípọn ju èyí tó ti jẹ lọ, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ti pístọ́ìnù padà sẹ́yìn kí ó tó lè wọlé. Bí a bá ti tì í báyìí, àyè ti ṣí sílẹ̀ láàárín òun àti páàdì. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, a gbọ́dọ̀ máa tẹ bíréèkì, ká tún un tẹ̀ títí yóò fi le lẹ́sẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ ọ̀gá mọ èyí. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní í mú èkúté pe ológbò níjà.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ náà kò ṣe é kọ́ o. Nínú gbogbo iṣẹ́ ara ọkọ̀, ó wà lára àwọn tó rọrùn jù. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é nínú ọgbà ilé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn yẹn ní: ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, irin tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè, àti ìwé tó sọ bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí máa ń rọ̀ bí òjò bá ti rọ̀, jáàkì sì lè rì tàbí kó yẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé jáàkì nìkan tó wá ki orí tàbí apá sábẹ́ ọkọ̀ ń fi iná sórí òrùlé sùn ni.

Àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè tètè rí. Ẹlòmíràn á ki páàdì kan sódì, ojú irin rẹ̀ á wá máa ha dísìkì. Ẹlòmíràn á fi ọwọ́ tó ní gíríìsì kan ojú páàdì, kò sì ní í mú mọ́. Ẹlòmíràn á jẹ́ kí kálípà so rọ̀ lórí rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà kọjá, rọ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti inú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ ṣọ́ owó á pààrọ̀ ti apá òsì nìkan, á fi ti apá ọ̀tún sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Méjèèjì la gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pa pọ̀.

Ta ló wà nínú ọkọ̀ náà? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ju mítà 22 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì rárá, ọkọ̀ ti rìn jìnnà. Ẹ wá wo takisí tó ń ti Ìgólò lọ sí Àjàṣẹ́: èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, àpò gàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa nínú búùtù. Bí ẹrù ṣe ń wúwo tó ni bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, tó sì ń gbóná tó. Ìyá tó sanwó ọkọ̀ láti lọ ta epo rẹ̀ kò bá awakọ̀ ṣe àdéhùn pé kó fi òun kọ́ iṣẹ́.

Nítorí náà, èmi sọ pé: ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tí mẹkáníìkì ti dúró tì tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tó ní irin iṣẹ́ àti ilẹ̀ tó le, lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ń kó èrò, tàbí tó ń kó ẹrù wúwo, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́. Owó iṣẹ́ náà wà lára owó ọjà yín, bí owó epo ṣe wà lára rẹ̀.

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé àwọn mẹkáníìkì gan-an ń rẹ́ni jẹ. Òótọ́ ni. Àwọn kan á gbowó páàdì tuntun, wọ́n á sì ki àlòkù bọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn á sá lọ jẹun, wọ́n á fi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lánàá sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a sá fún mẹkáníìkì kò wo èyí sàn. Ohun tó wò ó sàn ni kí ẹ dúró tì í. Ẹ ra páàdì náà fúnra yín, kí ẹ mú àtijọ́ dání lọ sí ìsọ̀ láti fi wé e. Ẹ béèrè àtijọ́ náà padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ẹ béèrè bóyá ó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, bóyá ó sì ní ìwé ẹ̀rí CQM tí ìjọba ń fún àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ríra, ẹ ṣọ́ra. Páàdì ń ti Ladípọ̀ l'Ékòó gba Ìdí-Ìrókò wá bá wa. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, gbogbo wa la rí bí ọ̀nà yẹn ṣe gbé wa ró tó. Ṣùgbọ́n ohun gidi àti ayédèrú ló ń gba ọ̀nà kan náà. Páàdì tó ti sán, tàbí tó ń fọ́ bí àkàrà lọ́wọ́, ẹ má rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

Ohun kan wà tí gbogbo ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀: àyẹ̀wò. Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Bó bá ti ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ igbe fíìn-fíìn, ó ń kìlọ̀ ni. Bó bá wá di pé irin ń ha irin, ẹ ti pẹ́. Ẹ máa wo epo bíréèkì nínú ìgò rẹ̀: bó bá ń lọ sílẹ̀, bóyá páàdì ti jẹ, bóyá ó ń jò. Irú tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ eruku páàdì. Asbestos wà nínú àwọn páàdì kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ CNSR dára, ṣùgbọ́n ipò tí ọkọ̀ wà lọ́jọ́ náà ló sọ. Páàdì ń jẹ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ Ìgólò, ẹ ti mọ àjọ dá. Ẹ̀ ń dá a fún ilé, fún ìyàwó, fún owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ dá ọ̀kan fún bíréèkì náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé àìlówó ló jẹ́ kí òun máa fi irin ha irin gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí Àjàṣẹ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ pé ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo táyà iwájú lónìí.