Ẹ Má Sọ Pé "Kí Wọ́n Sun Gbogbo Wọn"

Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde pé 54 nínú àwọn ọmọ ogun wa kú ní Àríwá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa ní Tchaourou: "Kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ju iná sínú igbó yẹn, kí wọ́n sun gbogbo wọn." Tí ẹ bá wá bi wọ́n pé ta ni "gbogbo wọn", wọ́n á nawọ́ sí gáà Fúlàní. Gáà tí a ti ń ra wàrà kí a tó bí wọn!

Inú ń bí àwa náà. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí tíṣà Faransé kọ́ ní ìtàn ogun, a mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbé èèyàn lọ.

Nígbà ogun Hitler, Gẹ̀ẹ́sì ní bọ́ǹbù iná kan, kékeré báyìí, tí kò tó kílò méjì. Ó ní igun mẹ́fà, bí ọ̀pá ni. Magnésium ni wọ́n fi ṣe é, irin fúyẹ́ kan tó jẹ́ pé tó bá ti gbiná, omi tí ẹ bá dà sí i ń dá kún un ni. Iyanrìn ni wọ́n fi ń bò ó. Wọ́n tún fi ẹ̀tù sínú àwọn kan, kó lè bú gbàmù lójú ẹni tó bá wá pa iná. Ẹ ro ìyẹn wò. Ẹni tó fẹ́ gba ilé rẹ̀ là ni wọ́n dẹ ìyẹn fún.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ ohun ìjà àti ibùdó rélùwéè ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ní oṣù kẹjọ 1941, ìjọba wọn yẹ fọ́tò wò, ó sì hàn pé nínú ọkọ̀ mẹ́ta tó sọ pé òun ti ju bọ́ǹbù síbi tí wọ́n rán òun, ẹyọ kan péré ló sún mọ́ ibẹ̀ tó kílómítà mẹ́jọ. Òkùnkùn ni, wọn ò rí ẹni tí wọ́n ń wá. Kí ni wọ́n wá ṣe? Ní oṣù kejì 1942, wọ́n pàṣẹ pé ìlú gan-an ni kí wọ́n máa jó. Ní oṣù keje 1943, iná dà bo Hamburg ní Jámánì, ìjì iná gbá òpópónà, èèyàn tó lé ní 30,000 kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá àgbà pọ̀ níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìyẹn. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó ń ju bọ́ǹbù wọ̀nyẹn; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ "Black Prince" sára ọkọ̀ náà nítorí tirẹ̀, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Akin ni wọ́n ń pe ọmọ ọ̀hún, ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. A ò bú u, akọni ni. Ṣùgbọ́n ní ìhà tiwa ńkọ́? Láti 1940 títí di ìparí 1942, Dàhọ̀mì wà lábẹ́ ìjọba Vichy, Nàìjíríà wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹsàn-án 1940, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ọta lé Dakar lórí, níbi tí ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso wa wà. Ẹ̀gbọ́n ní ìhà Ìlọrin, àbúrò ní Ṣábẹ: bí wọ́n bá ní kí wọ́n sun "gbogbo wọn" nígbà yẹn, àwa la wà níbẹ̀. Kí sì ni a ṣe? Wọ́n kàn fa ààlà sí wa láàárín ni.

Ọdún 1980 ni wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn ní Geneva pé kí a má ṣe fi irú iná bẹ́ẹ̀ ja ará ìlú. Ọdún 37 lẹ́yìn Hamburg!

Ẹni tó bá jí màlúù, tó gbé ìbọn, tó fi ilé pamọ́ fún apànìyàn, kí wọ́n mú un ní orúkọ rẹ̀, Fúlàní ni o, Bàrìbá ni o, ọmọ tiwa ni o. Àwa ń bẹ àwọn olórí àdúgbò àti àwọn ará mérì pé kí wọ́n pe àwọn àgbà gáà jókòó kí ọyẹ́ tó dé, ká fẹnu kò lórí ẹni tí a máa pè lóru tí àjèjì bá wọlé. Tí iná oko bá sì ràn lọ́dún yìí, tó jó oko kajú ẹnì kan, ká wádìí ẹni tó ṣáná sí i kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá lọ sí gáà.