Ẹni Tó Ń Kọ́lé Díẹ̀díẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn kan ń fi ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: tíṣà tó ń dúró de owó oṣù kó tó ra bíríkì, ìyá ọlọ́jà tó ń fi èrè ra páànù. Mo ní kí wọ́n lọ sí Marina l'Ékòó, kí wọ́n wo Kàtídírà Kristi, tí a kọ́ ní àrà Gọ́tíìkì. Ọdún 1925 ni Edward, àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 1946 ni iṣẹ́ tó parí. Ọdún 21 gbáko! Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ ìpìlẹ̀ ti tó gbéyàwó. Ta ló ń béèrè lónìí pé èé ṣe tó fi pẹ́? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ má pa ìpìlẹ̀ yín tì.