Òróró Nìkan Kọ́ Ni Ó Jẹ̀bi

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ agbada ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kí ó sì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Ẹni tí ó bá ń jẹ àkàrà ní ìpín nínú rẹ̀.

Ní Bonapriso, ní ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn àlejò òkè òkun ni ó pọ̀ nínú àwọn ilé olódi gíga. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn obìnrin a gbé agbada ka iná ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọn a máa din pọ́fùpọ́fù tí àwọn ará ìlú náà ń pè ní beignet, wọn a sì máa ta á pẹ̀lú ẹ̀wà àti ògì fún ọlọ́dẹ, awakọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọmọ ilé-ìwé. Mo gbé àdúgbò náà fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀sùn kan náà ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà: "Ìyá yìí láhun, òróró àná ni ó tún fi ń din ti òní." Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́, nítorí òróró tí a gbé ka iná léraléra kò lè ṣàì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdajì ẹjọ́ ni a dá. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. A kò tíì bi agbada léèrè.

Ọ́síjìn, tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ni ó ń ba òróró jẹ́. Bí òróró bá gbóná, ọ́síjìn a tètè dàpọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ bí kò ní òórùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà náà ni òróró yóò kan, tí yóò dúdú, tí yóò máa yọ ìfófò, tí yóò sì ki bí oje igi. Bí irin tàbí bàbà díẹ̀ bá wọ inú òróró náà, ìbàjẹ́ yìí a yá kánkán. Alárinà ni wọ́n láàárín òróró àti ọ́síjìn. Àwa a máa wí pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Ṣùgbọ́n alárinà yìí kì í yẹ̀ba. Bí ó bá so méjì pọ̀ tán, a tún lọ so méjì mìíràn, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí díẹ̀ fi tó láti ba púpọ̀ jẹ́. Ìlànà Codex, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ oúnjẹ, wí pé nínú kílógíráàmù kan òróró tí a ti fọ̀ mọ́, irin kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1.5 lọ, bàbà kò sì gbọdọ̀ ju 0.1 lọ. Ẹ wò ó bí a ti ṣọ́ra fún bàbà tó.

Níbo ni ó ń gbà wọlé? Láti inú agolo tí ó ti dógùn-ún, láti ara ṣíbí idẹ, àti láti ara agbada tí a ha títí irin rẹ̀ fi hàn. Iyọ̀ àti omi ara ẹja a máa jẹ irin; òróró gbígbó pàápàá ní ohun kíkan nínú tí ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun èlò ìdáná 29 tí a fi alumíníọ̀mù ṣe ní Kamẹrúùnù. Nígbà tí wọ́n se omi kíkan nínú wọn, òjé jáde lára púpọ̀ nínú wọn. Ìpalára mìíràn ni òjé jẹ́, fún ọpọlọ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ẹni tí ó ra ìkòkò tí a yọ́ àwókù ṣe kò mọ ohun tí a yọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: "Àwọn ìyá wa kò ha fi agbada irin din àkàrà, tí wọ́n sì gbó, tí wọ́n tọ́?" Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n epo pupa ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Bí ìdajì epo pupa ni ó jẹ́ irú ọ̀rá tí ọ́síjìn kò tètè rí gbé ṣe, ó sì ní fítámì E tí ń dáàbò bò ó. Agbada wọn pẹ̀lú ní awọ dúdú dídán tí epo gbígbóná ti fi bò ó láti ọdún dé ọdún; awọ yìí ni kì í jẹ́ kí irin àti epo fojú kanra. Lónìí, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní ilé-ìwé ń wí fún ọmọ pé ìkòkò rere ni èyí tí ń dán bí dígí. Ọmọ a mú kànrìnkàn onírin, a bó awọ náà kúrò, a tún fi ẹ̀rúnrún irin sílẹ̀ nínú agbada. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́.

Àdánù rẹ̀ kò kéré. Láti ọdún 2011 ni ìjọba Kamẹrúùnù ti pàṣẹ pé kí a máa fi fítámì A sí òróró tí a fọ̀ mọ́, nítorí ojú àti ìlera àwọn ọmọdé. Ìbàjẹ́ yìí kan náà ni ó ń pa fítámì ọ̀hún. Ohun tí ìjọba fi sí i ní ilé-iṣẹ́, agbada lè yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá tí ń din nǹkan pẹ̀lú ń pàdánù owó, nítorí òróró rẹ̀ ń gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ kí a máa bú ìyá náà. Ọmọ rẹ̀ ni kí a kọ́, ẹni tí ó jókòó níwájú wa ní kíláàsì. Kí ó mọ̀ pé omi gbígbóná àti kànrìnkàn rírọ̀ tó fún agbada irin, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi epo pa á lára. Kí a gbọn omi ara ẹja dànù, kí a má sì bu iyọ̀ lórí agbada. Kí a sẹ́ òróró, kí ó má ṣe sùn nínú agbada. Ìgò tí a dé, tí oòrùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ibùsùn rẹ̀. Kí a má da tuntun lé èyí tí ó ti bàjẹ́.

Bí ọmọ bá sì ń ṣiyèméjì, kí olùkọ́ bu òróró kan náà sínú ìgò méjì, kí ó ha wáyà bàbà mọ́, kí ó fi sínú ọ̀kan, kí ó gbé méjèèjì sí ojú fèrèsé, kí àwọn ọmọ máa gbóòórùn wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò náni ní owó púpọ̀, ó sì tọ́ sí ọmọkùnrin bí ó ti tọ́ sí ọmọbìnrin. Mo rọ ilé-ẹ̀kọ́ wa pé kí a fi í sínú iṣẹ́ tí a óò máa kọ́ni.