Ẹja Àrọ̀ Inú Ìwé Ọmọ



Ní ìlú Bìní tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ìyá kan mú ìwé ọmọ rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ẹja àrọ̀ ni ọmọ náà ń yà sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, sí etí ìwé kéú, níbi gbogbo. Bàbá rẹ̀ ti pinnu láti dáná sun àwọn ìwé náà nítorí pé àwòrán ohun ẹlẹ́mìí ni. Ẹ̀rù ń ba ìyá pé bí ìwé bá jóná, ọmọ lè kórìíra ilé kéú pẹ̀lú.

Mo bi í bóyá ọmọ náà a máa gba Àdúgbò Igun kọjá. Ó ní ojoojúmọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yé mi.

Igun ni àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ, ẹgbẹ́ Igun Eronmwon, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún Ọba Bìní láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìda oyin ni wọ́n fi ń mọ àwòrán. Wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yáná sí i kí ìda lè ṣàn jáde, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹja àrọ̀ wà lára àwọn ẹ̀dá tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rà á lọ́jà mọ ìdí rẹ̀. Ẹ óò gbé e délé, yóò ṣì máa jà nínú agbọ̀n. Yàtọ̀ sí ẹ̀yà tí ó fi ń mí nínú omi, Ọlọ́run fún un ní òmíràn tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà ni ó fi lè wọ́ láti inú adágún kan lọ sí òmíràn nígbà òjò.

Oníṣẹ́ ọnà Bìní rí i pé ẹ̀dá yìí ní ipá lómi àti nílẹ̀, ó sì fi ṣe àmì ọba. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí ẹsẹ̀ Ọba Ohen rọ, wọ́n ní ó di ẹja àrọ̀; ẹ óò rí àwòrán ọba tí ẹja méjì rọ́pò ẹsẹ̀ rẹ̀. Lórí adé ìbòjú Ìyá Ọba Idia, tí a fi eyín erin gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, orí Potogí onírùngbọ̀n kan, ẹja kan, ni wọ́n tò léra wọn. Potogí náà ti inú omi gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní 1897, Metropolitan Museum ní New York ni ó sì wà. Lára àwọn ohun tí wọ́n kó lọ nígbà náà, Nẹ́dálàǹdì dá 119 padà ní 2025.

Ti Olókun tí wọ́n so mọ́ ẹja náà kì í ṣe tiwa. Ní ti àwòrán, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ ọ́. Nínú àwọn tó tẹ̀lé Imāmu Mālik, àwọn kan ya ère tó ní òjìji sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a yà sórí ìwé. Èmi kì í ṣe mufuti. Mo kàn ní kí bàbá fi iná sílẹ̀ ná, kí ó ka irùngbọ̀n ẹja tí ọmọ rẹ̀ yà.

Èmi ti kà á: mẹ́jọ. Mo dé ọjà lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ wo inú bàsíà ìyá ẹlẹ́ja. Mẹ́jọ náà ni.