Ṣé Ẹni Tí Wọ́n Yọ Lẹ́nu Ló Máa Fiṣẹ́ Sílẹ̀?

Ìmọ̀ràn kan wà tó ti sú wa ní Jákàńdè Ẹ̀sítéètì, Ìsọlọ̀. Kí ọmọbìnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé, kó ní ọ̀gá ń fọwọ́ pa òun lára, kíá ni wọ́n á ti sọ fún un pé: “Rọra kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, Ọlọ́run á pèsè òmíràn.” Àwọn ìyá ń sọ ọ́, àwọn bọ̀dá ń sọ ọ́. Ìfẹ́ ló ń mú un wá, a mọ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn burúkú ni.

Bó bá lọ ńkọ́? Ọ̀gá ṣì jókòó sórí àga rẹ̀. Wọ́n á gba ọmọbìnrin mìíràn, ọ̀gá á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń wáṣẹ́ kiri láti Òṣòdì dé Ìkẹjà, ẹni tó ṣẹ̀ ń gbowó oṣù. Ṣé ìyẹn dáa?

Wọ́n á ní òfin Nàìjíríà ò mọ tálákà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nílẹ̀ ná. Láti 2011 ni abala 254C nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti gbé ẹjọ́ ìyọlẹ́nu nítorí ìbálòpọ̀ níbi iṣẹ́ fún kóòtù òṣìṣẹ́, ìyẹn National Industrial Court. Òṣìṣẹ́bìnrin kan pe Microsoft Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní kóòtù yìí ní Èkó, ó ní wọ́n dá òun dúró torí òun kọ̀ fún ọ̀gá. Ní 2013, kóòtù dá a láre. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un lé ní mílíọ̀nù 13 náírà. Òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ẹni tó bá hu irú ìwà yìí lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3.

Kì í sì í ṣe ìfọwọ́kàn nìkan. Ìlànà tí kóòtù òṣìṣẹ́ gbé jáde ní 2017 ka ọ̀rọ̀ rírùn mọ́ ọn, ó ka àwòrán ìhòòhò mọ́ ọn, ó tún ka “gbà fún mi, màá fún ẹ ní ìgbéga” mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kọńtíráàtì, tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, tàbí tẹ́ ẹ ṣì ń wáṣẹ́, àdéhùn àgbáyé C190 tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2022 dárúkọ yín.

Òótọ́ ni pé ẹjọ́ máa ń pẹ́, ebi kì í sì í dúró de adájọ́. A ò ní kẹ́nikẹ́ni jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́. Ohun tá à ń sọ ni pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kọ ọjọ́, aago àti ohun tó sọ sílẹ̀. Má pa WhatsApp rẹ̀ rẹ́. Kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́, kó o tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Lọ bá DSVA, àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ báyìí. Bí owó lọ́yà ò bá sí, Office of the Public Defender wà fún ẹni tí ò lówó. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ ẹ.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì kan náà, tẹ́ ẹ rí i, tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ẹlẹ́rìí ni yín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí.

Torí mẹ̀kúnnù tó ń ṣiṣẹ́ ni ìjọba Lateef Jakande ṣe kọ́ irú ilé báyìí láàárín 1979 sí 1983. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ẹ̀sítéètì lè pèpàdé lórí iná àti gọ́tà. Wọ́n lè pe lọ́yà wá bá wa sọ̀rọ̀ ní Sátidé kan lóṣù. Ìkòyí ni kóòtù wà, ó jìnnà sí Ìsọlọ̀. Kí ìjọba ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ yan òṣìṣẹ́ kan tó máa gbọ́ ẹjọ́ wa nílé, tó máa mú wa débẹ̀. Ohun tá a fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ gba ọmọbìnrin kan nímọ̀ràn pé kó fiṣẹ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ bi í pé: “Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?”