Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán: Èsì fún Àwọn Tó Ń Fi Theme Kọ̀ǹpútà Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, àwọn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ náà sì ti ń gbè é. Wọ́n ní ẹni tó bá ń pààrọ̀ àwọ̀ wíńdò, tó ń fi kún ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, tó ń yan fọ́ǹtì tí mẹ́nù yóò máa lò, kò níṣẹ́ ṣe ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ọmọdé ni, pé àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe á lo kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣe gbé e fún un. Bó bá wá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó jọ ti ọdún 1995 ni ẹni náà ń tún ṣe, ẹ̀sín di méjì: ó ń ṣeré, ó sì tún ń rìn padà sẹ́yìn.

Irọ́ ni. Ibi tí yẹ̀yẹ́ náà ti gbóná jù ni mo fẹ́ gbé e gbà, ìyẹn ni SerenityOS.

Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀ ni SerenityOS, irú ohun tí Windows jẹ́. Andreas Kling, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2018. Kò sí ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ ní Apple lórí WebKit, ohun tó ń gbé Safari rìn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí òun parí ìtọ́jú tí wọ́n fi gba òun lọ́wọ́ bárakú, òun ń wá iṣẹ́ tí òun yóò fi dí ọwọ́ òun, pé inú àdúrà ìbàlẹ̀ ọkàn tí àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ bárakú máa ń gbà ni òun sì ti mú orúkọ náà. Òun àti àwọn tó wá dara pọ̀ mọ́ ọn kò yá kernel Linux, ọkàn ètò náà, lò. Gbogbo rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí dé orí áàpù, ni wọ́n fi C++ kọ fúnra wọn, wọ́n sì fún un ní ojú kọ̀ǹpútà àwọn ọdún 1990. Nígbà tó di 2024, Kling fi í sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ó lọ gbájú mọ́ Ladybird, browser tó bẹ̀rẹ̀ nínú SerenityOS yìí gan-an. Kí àwọn tó ń pè é ní eré ọmọdé wá fi browser tiwọn hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí theme ṣe rí níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń bú u kò tíì ṣí ọ̀kan wò rí. Fáìlì kan ni. Ó wà ní /res/themes, .ini ni ó parí sí, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà ló sì wà nínú rẹ̀. Ìlà kan ń sọ àwọ̀ ara wíńdò, òmíràn ń sọ àwọ̀ lẹ́tà orí bọ́tìnnì, òmíràn ń sọ àwọ̀ ohun tí èèyàn bá fi mouse yàn. Orí wíńdò tó wà lójú iṣẹ́ gba àwọ̀ méjì, ActiveWindowBorder1 àti ActiveWindowBorder2, àwọ̀ kìíní á sì máa yọ́ lọ sínú èkejì. Nínú theme tí SerenityOS máa ń lò bí èèyàn kò bá yan òmíràn, #6e2209, pupa tó ṣókùnkùn, ló ń yọ́ lọ sínú àwọ̀ iyanrìn. Lábẹ́ àwọ̀ ni ìwọ̀n wà: TitleHeight jẹ́ 19, ìyẹn ni pé gíga orí wíńdò jẹ́ píksẹ́lì 19, BorderThickness jẹ́ 4. Ẹ yí nọ́ńbà padà, ẹ fi fáìlì pamọ́, ẹ yan orúkọ rẹ̀ nínú mẹ́nù, gbogbo wíńdò tó ṣí sílẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kò ní pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tún un tàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn fáìlì ní Theme Editor tó lè lò. Àwọn tó kọ theme wọ̀nyí tún jẹ́ aláwàdà: èyí tó jọ Windows, Redmond ni wọ́n sọ ọ́, ìlú tí Microsoft fi ṣe ibùjókòó.

Inú fáìlì yẹn kan náà ni orúkọ mẹ́ta wà tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀: ThreedHighlight, ThreedShadow1, ThreedShadow2. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni wọ́n. Nínú kọ̀ǹpútà àwọn ọdún 1990, a gbà pé ìmọ́lẹ̀ ń ti apá òsì lókè bọ̀. Nítorí náà, bọ́tìnnì tó funfun lókè àti lápá òsì, tó sì ṣókùnkùn nísàlẹ̀ àti lápá ọ̀tún, ojú á rí i bí ohun tó yọrí síta. Ẹ tẹ̀ ẹ́, funfun àti dúdú á gba ipò ara wọn, bọ́tìnnì á rì wọlé. Àpótí tí èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sí ti rì wọlé látilẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, kò sí ìwé àlàyé: èyí tó yọrí síta ni kí o tẹ̀, èyí tó rì wọlé ni kí o kọ nǹkan sí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ìlà mẹ́rin wọ̀nyí ni wọ́n wá sọ pé ó ti di àṣà àtijọ́. Windows 8 pa wọ́n rẹ́ ní 2012, iOS 7 tẹ̀ lé e ní 2013, gbogbo nǹkan wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ṣí áàpù báǹkì kankan lórí fóònù yín. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù kan wà lórí funfun: ṣé bọ́tìnnì ni, àbí àkọlé? Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó mọ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní òpè nítorí pé ó ń fi ìka wá ibi tí yóò tẹ̀ lójú fóònù, òpè kọ́. Àmì tí ì bá fi mọ̀ ọ́n ni wọ́n mú kúrò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ jẹ́ kí á sì fi ojú wọn ohun tí à ń sọ. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà, WCAG ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà tí kò tóbi àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Lẹ́tà dúdú lórí eérú #c0c0c0, eérú Windows 95 tí wọ́n fi ń ṣẹ̀sín, ju 11 sí 1 lọ. Lẹ́tà eérú #999999 lórí funfun, oge tí àwọn ayàwòrán ìgbàlódé fẹ́ràn jù, kò tó 3 sí 1. Èwo ló padà sẹ́yìn nínú méjèèjì? Láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, bíi 8 nínú 100 ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ pupa sí àwọ̀ ewé. Ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá pààrọ̀ ìlà kan nínú fáìlì .ini kí àmì ewu lè hàn sí i, ṣé oge ló ń ṣe?

Olóhun ló láṣẹ lórí ìrísí kọ̀ǹpútà nígbà kan rí, kì í sì ṣe SerenityOS ló dá a sílẹ̀. Nínú Windows 95, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Appearance. Níbẹ̀, èèyàn lè yan àwọ̀ orí wíńdò, àwọ̀ mẹ́nù, fọ́ǹtì àti bó ṣe tóbi tó, títí kan bí scrollbar yóò ṣe fẹ̀ tó. Windows XP gbé ojú tuntun dé ní 2001, ṣùgbọ́n kò gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Windows 7 náà kò gbà á. Windows 8 ló gbà á. Ohun tí wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá kò ju kí o yan dúdú tàbí funfun, àwọ̀ kan tí yóò máa hàn níhìn-ín lọ́hùn-ún, àti àwòrán ẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán ni ọ̀rọ̀ wá di pé ohun tí wọ́n gbà kò wúlò fún nǹkan kan.

Ẹnu Microsoft fúnra rẹ̀ kò sì kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ṣí Settings nínú Windows 11, ẹ wọ Accessibility, ẹ ó bá Contrast themes níbẹ̀. Èèyàn lè pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀yìn, àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ bọ́tìnnì níbẹ̀. Theme ni wọ́n pè é, ààrin àwọn ohun tó ń ran ẹni tí ara tàbí ojú ń dà láàmú lọ́wọ́ ni wọ́n sì tò ó sí. Báwo ni ohun kan náà ṣe wá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ nínú yàrá kan, tó di eré ọmọdé nínú yàrá kejì?

Wọ́n á tún fi Hot Dog Stand bú wa, theme pupa àti yẹ́lò tó bá Windows 3.1 wá ní 1992. Òótọ́ ni, ó burú lójú. Ẹ̀tọ́ láti yàn kò pé bí kò bá sí àyè láti yan èyí tó burẹ́wà.

Àtakò kan ṣoṣo ló ní láárí, n kò sì ní fò ó dá. Ní 2019, àwọn kan tó ń kọ áàpù fún GNOME, ojú kọ̀ǹpútà kan lórí Linux, kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń pín Linux kiri pé kí wọ́n yéé fi theme tiwọn bo áàpù àwọn. Wọ́n ní theme ń ba iṣẹ́ àwọn jẹ́: lẹ́tà á pòórá sínú àwọ̀ ẹ̀yìn, àmì áàpù á yí padà, ẹni tó ń lò ó á wá máa fi ẹjọ́ sùn wọ́n lórí àṣìṣe tí wọn kò ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìparí. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà, wọ́n sọ pé bí olóhun bá ń tún kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ṣe, àwọn kò bá a jà. Àwọn tó ń pín Linux ni wọ́n ń bá wí, àwọn tó ń wọ aṣọ fún ẹni tí kò ní kí wọ́n wọ òun láṣọ. Ẹni tó bá fi lẹ́tà náà dá èmi tàbí ìwọ dúró, kò kà á.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, SerenityOS fi hàn pé ìbàjẹ́ yìí kì í ṣe àyànmọ́. Abẹ́ òrùlé kan ni ètò, wíńdò àti áàpù ibẹ̀ wà. Áàpù kì í mú àwọ̀ láti orí ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ palette, àkójọ àwọ̀ inú theme, ló ti ń béèrè pé, kí ni àwọ̀ bọ́tìnnì lónìí? Bí áàpù kan bá wá kọ funfun mọ́ inú ara rẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ sì pòórá nígbà tí èèyàn yan theme dúdú, ẹ̀bi áàpù ni, wọ́n á sì tún un ṣe. Theme ló tú àṣìṣe náà síta.

Ọ̀rọ̀ theme yìí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá tààràtà. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà pẹ̀lú àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tò papọ̀. Lẹ́tà wa ní ẹrù lórí, ó sì ní ẹrù lẹ́sẹ̀. Ẹni tó fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wọn gíga orí wíńdò kò ro tiwa mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí àmì òkè fi máa ń gé tàbí kí àmì ìsàlẹ̀ rì sínú ìlà. Ibi tí olóhun bá ti lè sọ 19 di 24, tó sì lè yan fọ́ǹtì tó fẹ́, kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni ní California rántí rẹ̀. SerenityOS tilẹ̀ ní Font Editor tí èèyàn lè fi ya lẹ́tà tí kò bá sí níbẹ̀, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Haiku, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, ní tirẹ̀ ń lo Noto Sans, ó ní lẹ́tà wa, bí ẹ bá sì fi kún ìwọ̀n fọ́ǹtì, àyè inú wíńdò á fẹ̀ sí i pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ti dárúkọ Haiku, kí n má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Palm ra ohun-ìní Be Inc. ní 2001, tí BeOS, ètò kọ̀ǹpútà tí Be ṣe, sì fẹ́ run, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ló di Haiku. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń sọ̀rọ̀ nípa yẹ́lò tó wà lórí wíńdò rẹ̀, wọ́n á ní ó dára tàbí kò dára. Wọn kì í wo bó ṣe gùn tó. Kì í gba orí wíńdò tán, ìwọ̀n orúkọ ló fi mọ. Bí wíńdò mélòó kan bá wà lórí ara wọn, ẹ lè rí orúkọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì lè di Shift mú kí ẹ fa yẹ́lò náà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú Appearance Haiku, ẹ lè sọ yẹ́lò náà di àwọ̀ tó wù yín, iṣẹ́ tó ń ṣe kò ní yẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi SerenityOS rọ́pò ohun tó ń lò. Kò tíì tó bẹ́ẹ̀: èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ fúnra rẹ̀ láti inú kóòdù, inú QEMU, áàpù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ni ọ̀pọ̀ sì ti ń tàn án. N kò sì ní gbogbo theme ló dára; àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n fi 4.5 yẹn wọn lẹ́tà wọn kí wọ́n tó fi lọ aráyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ni mo ń bẹ̀. Ẹ yéé na ọmọ tó bá pààrọ̀ àwọ̀ kọ̀ǹpútà iléèwé. Ẹ fún un ní fáìlì .ini kan, kó yí ìlà kan padà, kó sì sọ ìdí tó fi yí i padà fún kíláàsì.